Alùpùpù Tó Gba Ìbọn Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin àlejò, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Èmi ni Ọdẹ́rìnlọ, ará Ìdó-Àpáta, ìlú tí ọmọdé ti ń mọ orúkọ irin kó tó mọ orúkọ baba rẹ̀. Ìṣó kan wà lára ògiri yàrá mi tí kò sí ohunkóhun lórí rẹ̀, ẹ sì ti ń fi ojú bi mí léèrè láti àárọ̀. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wà nínú Igbó Arọ́jòkú, ìbọn wà léjìká mi, àtùpà ìṣọdẹ òru rọ̀ mọ́ ìgbànú mi, fìlà mi tẹ̀ sí apá kan bí ti ẹni tí ayé ń bẹ̀rù, ni mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sunkún lábẹ́ ìrókò. Abo etu ni. Níwájú rẹ̀, níbi tí oòrùn ṣì ń ràn, ni alùpùpù ògbólógbòó kan wà, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó gbé e jù síbẹ̀, tó ti dógùn-ún látòkè délẹ̀. Ọmọ etu náà ti ki ẹsẹ̀ bọ àárín ṣéènì àti eyín irin táyà ẹ̀yìn, kò sì lè fà á yọ.

Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ní, 'Ẹ kú ìrìn, bàbá ọdẹ. Mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ ọmọ mi, lẹ́yìn náà kí ẹ yìnbọn fún mi bó bá wù yín.'

Àánú ṣe mí, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n ìgbéraga ló kọ́kọ́ dáhùn. Mo fa àdá yọ, mo fi ahọ́n kàn án bí a ti ń búra nílùú wa, mo ní, 'Ọmọ Ògún ni mí. Bí òjìji ìrókò yìí bá kan táyà kí n tó tú ọmọ rẹ sílẹ̀, n kò ní í gbé ìbọn wọgbó mọ́.' Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá fi irin búra, irin ni yóò dá a lẹ́jọ́.

Mo bá sípánà kan nínú àpótí abẹ́ ìjókòó, mo fi dé orí nọ́ọ̀tì tó di táyà ẹ̀yìn mú, nítorí bí nọ́ọ̀tì yẹn bá dẹ̀, táyà yóò sún síwájú, ṣéènì náà yóò sì dẹ̀. Mo tì í, kò mira. Mo fi òkúta lu sípánà. Bí mo ti ń lù ú ni ṣéènì ń gbọ̀n, tí ọmọ etu sì ń ké.

Òòrẹ̀ arúgbó kan yọ jáde láti abẹ́ gbòǹgbò ìrókò, ó ní, 'Bàbá ọdẹ, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bu kẹrosíìnì inú àtùpà yín sí i, kí ẹ jẹ́ kó wọlé.'

Mo ní kì í ṣe òòrẹ̀ ni yóò kọ́ èmi níṣẹ́ irin. Mo fi gbogbo ara lé sípánà. Ó yọ̀, ó ha etí nọ́ọ̀tì, mo sì ṣubú gbàgà níwájú àwọn ẹran tí baba mi ń pa. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́sẹ̀ ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ ṣáà ń wò mí. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú rẹ̀.

Mo ṣí fìlà. Mo ní, 'Bàbá Òòrẹ̀, ẹ gbà mí.'

Ó fa ẹ̀gún kan yọ lẹ́yìn ara rẹ̀, ó ń tì í bọ kẹrosíìnì, ó sì ń kán an sí ọrùn nọ́ọ̀tì. Ó ní kí n máa fi òkúta kàn án jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀. Lẹ́yìn náà a jókòó. Òjìji ń fà bọ̀. Mo fẹ́ dìde.

Òòrẹ̀ ní, 'Bí ẹ bá fipá ṣe é nísinsìnyí, ẹsẹ̀ ọmọ ni yóò kán. Èwo lẹ fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ àbí ìbọn yín?'

Mo tún jókòó. Lójú mi ni òjìji ṣe gun orí táyà.

Ìgbà tó yá, ó ní kí n fa sípánà síwá díẹ̀, kí n dá a padà sẹ́yìn díẹ̀. Nọ́ọ̀tì ké, ó tú. Mo ti táyà síwájú, ṣéènì dẹ̀, ọmọ etu yọ ẹsẹ̀, ó ń tiro lọ sábẹ́ ìyá rẹ̀.

Mo fi ìbọn ti ìrókò. Ìyá etu ní, 'Ẹ mú un lọ, bàbá. Kò sí ọdẹ tó rí yín.'

Mo ní, 'Irin rí mi.'

Mo gba ìgboro Ìdó-Àpáta kọjá lọ́wọ́ òfo, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi ń kí mi, n kò lè gbórí sókè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi iṣẹ́ ọdẹ sílẹ̀, tí mo sì ń tún alùpùpù ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé alùpùpù wá fún mi tún ṣe lónìí, bí mo bá ní kí ẹ jókòó kí kẹrosíìnì wọlé, ẹ má kanra mọ́ mi. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnu yín ṣáájú ọwọ́ yín. Ẹ máa lọ ire, kí ilé yín tutù. Ìṣó yẹn, tí mo máa ń fi ìbọn kọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Òun ni mo ń wò kí n tó fọwọ́ kan sípánà.