Ìdí Tí Ikán Fi Ń Fi Itọ́ Po Amọ̀ Ilé Rẹ̀

Nígbà láéláé, kí ògiri tó mọ̀ pé òun lè wó, ikán kò ní ilé. Abẹ́ ewé gbígbẹ ni gbogbo ìdílé wọn ń gbé. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé ewé lọ, wọ́n á palẹ̀ ẹrù mọ́, wọ́n á tẹ̀lé ewé.

Lásìkò yẹn, àwọn ẹranko máa ń ṣe àáró. Gbogbo wọn á pé jọ kọ́ ilé fún ẹnì kan. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí.

Ẹfọ̀n ni olórí àáró, nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ fún un pé òun kọ́ ni. Òun ló ń fi ẹsẹ̀ po amọ̀. Àkèré tó ni odò ló ń pọn omi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré kiri, ó ń sọ fún gbogbo ayé pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Iṣẹ́ ti àwọn ikán ni pé kí wọ́n fi ẹnu gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́, kí wọ́n pò ó mọ́ amọ̀, kí ògiri má baà sán.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ ògiri mọ̀ pé a kì í po amọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó pò ó lónìí, a ó fi í sílẹ̀ di ọ̀la kó mumi dáadáa, a ó tún un pò. Ìgbà náà la ó mọ ìpele kan, a ó sì jẹ́ kó gbẹ kí a tó mọ òmíràn lé e lórí.

Ẹfọ̀n kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

"Ẹ da omi sí i," ló máa ń wí. "Ẹ dà á sí i. Ó ń dun ẹsẹ̀ mi."

Bí amọ̀ náà bá ti rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu, ó parí. Ilé Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀, àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ nírọ̀lẹ́. Oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn ló gbé ògiri náà dúró, ṣùgbọ́n Ẹfọ̀n rò pé ọgbọ́n òun ni.

Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, àáró kan ikán. Ó sì bọ́ sí àsìkò tí ìyá wọn wà nínú oyún. Ikùn rẹ̀ ti tóbi débi pé kò lè dìde mọ́. Òjò àkọ́rọ̀ sì ti ń ṣú.

Àyọ̀ká, àkọ́bí ìyá náà, lọ bá Ẹfọ̀n nílé.

"Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ni àáró tiwa."

Ẹfọ̀n wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, Àyọ̀ká ọmọ Ikán. Ẹ rọra, ẹ ti fẹ́ tẹ̀ mí mọ́lẹ̀."

"Háà, Àyọ̀ká! Màmá ńkọ́?"

"Wọn ò lè dìde mọ́. Òjò sì ti ń ṣú. Bí àgbàrá bá bá wọn nílẹ̀, àti ìyá àti ọmọ inú, ó tán."

Ẹfọ̀n mi orí tìkáàánú-tìkáàánú. "Ó mà ṣe o. Ṣùgbọ́n ṣé kí n wá fi ẹsẹ̀ yìí po amọ̀ ilé ikán? Ojú ẹsẹ̀ mi kan á gba gbogbo ìdílé yín, àlejò á sì tún rí ibi jókòó. Ẹ jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ rọ̀ tán ná."

"Ẹ̀gbọ́n, tìtorí òjò la ṣe fẹ́ kọ́lé."

"Ìyẹn náà wà ńbẹ̀," ni Ẹfọ̀n wí, ó sì ń jẹ koríko rẹ̀ lọ.

Àyọ̀ká kọjá sọ́dọ̀ Àkèré.

"Omi kẹ̀?" ni Àkèré wí. "Odò ti fà. Ìwọ̀nba tó kù, àwọn ọmọ mi ló ń lò ó."

Àwọn ọmọ náà ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò lè dín ní ọ̀ọ́dúnrún.

"Ẹsẹ̀ wo lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi po amọ̀?" ni Àkèré bi í.

Àyọ̀ká wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mẹ́fà ni. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò lè tẹ hóró iyanrìn kan wọlẹ̀.

Ó padà sílé, ó ròyìn fún ìyá rẹ̀. Ìyá náà ronú díẹ̀.

"Koríko tí ẹ ń gé ní àáró gbogbo ayé, báwo ló ṣe máa ń rí bí ẹ bá gé e tán?"

"Ó máa ń lẹ̀ mọ́ra, màmá. Itọ́ ẹnu wa ni."

"Ẹ gbé erùpẹ̀ wá."

Wọ́n gbé iyanrìn òkè ilẹ̀ wá, wọ́n pò ó. Ó gbẹ, ó fọ́. Wọ́n tún un pò. Ó tún fọ́.

"Ẹ wa ìsàlẹ̀," ni Àyọ̀ká wí. "A ó pò ó. Bí kò bá dúró lónìí, a ó pò ó lọ́la."

Wọ́n wa ìsàlẹ̀ títí wọ́n fi kan amọ̀ pupa. Àyọ̀ká gbé hóró kan sẹ́nu, ó pò ó, ó yí i, ó tún un pò, ó fi lélẹ̀. Ó dúró. Àbúrò rẹ̀ gbé tirẹ̀ lé e. Òun náà dúró. Wọ́n bá dá orin sílẹ̀:

Ẹ bá wa pò ó,
Ẹnu kan, hóró kan.
Bí kò bá kúnná,
Ẹnu kan, hóró kan.
Ẹ tún un pò,
Ẹnu kan, hóró kan.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń kọjá, ó gbọ́ orin, ó yà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé itọ́! Bí àlejò bá wọlé sí yín, ṣé ẹ máa fún un ní aṣọ ìnujú?"

Ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn. Kì í ṣe pé wọ́n bínú. Amọ̀ ló kún ẹnu wọn.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu gbogbo wọn gbẹ.

"Ẹ jẹ́ ká sinmi," ni àbúrò Àyọ̀ká wí. "Itọ́ ti tán."

"Màmá wà nílẹ̀, kò sí òrùlé lórí wọn," ni Àyọ̀ká dá a lóhùn. "Lọ lá ìrì lára ewé. Bí ìrì bá tán, ronú nípa ọsàn wẹ́wẹ́."

Wọ́n lá ìrì. Ìrì tán. Wọ́n jókòó, wọ́n ronú nípa ọsàn wẹ́wẹ́. Itọ́ dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, wọ́n fi hóró tó kẹ́yìn dí òkè orí ìyá wọn. Ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ méje gbáko ló fi rọ̀. Ògiri Ẹfọ̀n kọ́kọ́ tẹ̀, ó wá di ẹ̀kọ mímu tó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé Àkèré bá odò lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti wà lórí igi, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Nígbà tí òjò dá, Ẹfọ̀n rìn wá, ẹrẹ̀ kùn ún dé ọrùn. Ó rí ilé ikán tó dúró gbagidi. Ó fi ìwo kàn án. Ìwo ló dùn ún.

"Àyọ̀ká! Ṣé màmá ti bí?"

"Wọ́n ti bí, ẹ̀gbọ́n. A ò tíì mọ iye wọn, wọ́n ṣì ń bí i lọ."

"Jọ̀ọ́, kọ́ mi bí ẹ ṣe pò ó."

"Ẹ bu erùpẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tutọ́ sí i."

Ẹfọ̀n tutọ́. Erùpẹ̀ kò sí mọ́, adágún ló kù. Àkèré fò jáde láti ibi kan, ó bẹ́ sínú rẹ̀.

"Ó pọ̀ jù, ẹ̀gbọ́n. Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Díẹ̀díẹ̀ yìí, ìgbà wo ni ilé máa fi gbà mí?"

Àyọ̀ká wò ó láti orí dé ìrù. "Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ yín á bá yín parí rẹ̀."

Ẹfọ̀n mí kanlẹ̀, ó wọ inú koríko lọ.

Láti ọjọ́ náà ni ikán kò ti bẹ ẹnikẹ́ni ní àáró mọ́. Itọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń po amọ̀ ilé wọn, tí à ń pè ní ògán; òjò a rọ̀, ògán a dúró. Láti ọjọ́ náà sì ni Ẹfọ̀n ti ń sùn nínú koríko. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹ ó rí i tó ń fi ara ha ògán, tó ń lọ, tó ń bọ̀. Àwọn ọdẹ ní ara ló ń yún un.

Wọn ò mọ̀ ni. Ògiri ló ń dán wò.