Ògiri Tó Ń Kí Ènìyàn

Jókòó ná. Mo ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́ rẹ. Ìbídùnní ọmọ rẹ rí ọkọ ní Ìsàlẹ̀-Odò, o sì ti búra pé o kò ní gbé ọwọ́ lé e lórí láti súre fún un, nítorí bàbá rẹ sọ kí ó tó kú pé ọmọ ilé yín kankan kò gbọdọ̀ fẹ́ ará Ìsàlẹ̀-Odò. Kí n tó dá ọ lóhùn, jẹ́ kí n ṣe àkàwé kan fún ọ.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ so mọ́ ara òkè. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni ilẹ̀ ti já sísàlẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ti mọ ògiri kọ́ńkéré síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, kí ilẹ̀ má baà ya lulẹ̀ lásìkò òjò. Nígbà tí sìmẹ́ńtì ṣì tutù, bàbá náà fi ìṣó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Nísàlẹ̀ ògiri yìí gan-an ni opó àgbàlagbà kan ti ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀. Ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò ju ibẹ̀ lọ.

Ọdún ń gorí ọdún. Omi òjò ń gbára jọ sẹ́yìn ògiri, kò sì rí ihò kankan gbà jáde. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀. Ọkùnrin yìí fi igi mẹ́ta tì í. Ó tún tẹ̀, ó fi mẹ́fà tì í. Inú àtíbàbà ìyá onígàrí ni àwọn igi náà dúró sí, tó fi jẹ́ pé ìyá gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó dé ìdí agbada rẹ̀. Ògiri là, ọkùnrin yìí fi sìmẹ́ńtì dí i, ó fi ọ̀dà funfun kùn ún, ó sì fi pupa tún orúkọ bàbá rẹ̀ kọ. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ti ògiri yìí kọjá ti aláǹgbá. Adìẹ yé sínú rẹ̀, ó sàba, ó sì kó ọmọ mẹ́jọ jáde.

Bíríkìlà kan kọjá, ó wò ó, ó mi orí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ògiri yìí ti kú. Ẹ jẹ́ ká wó o, ká mọ òmíràn.”

Ọkùnrin náà fárígá. “Bàbá mi ló mọ ọ́n! Ẹni tó bá ní kí n wó o, bí ẹni ní kí n wó bàbá mi ni.”

Ìyá onígàrí náà bẹ̀ ẹ́. “Ọmọ mi, ògiri rẹ ti ń tẹ̀ bọ̀ wá bá mi o.”

“Ìyá, kò tẹ̀. Ó ń kí yín ni.”

“Ó ti ń kí mi láti ọdún mẹ́ta. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ tí kò dìde mọ́, nǹkan ń ṣe é.” Ni ìyá bá fi ìkòkò irin borí, ó ń yan gàrí rẹ̀ lọ.

Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi. Obìnrin àgbà ń fi ìkòkò borí nínú àgbàlá ara rẹ̀, nítorí orúkọ òkú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò ọjọ́ mẹ́ta, ìyá dìde nídìí agbada láti lọ mú igi ìdáná. Kò tíì rìn jìnnà tí ègé kọ́ńkéré kan tó tóbi tó àgbò fi já lulẹ̀. Agbada tẹ̀, gàrí fọ́n ká, adìẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bẹ̀rẹ̀ sí ṣa á jẹ. Ọkùnrin náà sáré sọ̀kalẹ̀. Ó rí àpótí tí ìyá máa ń jókòó lé, ó ti rún wómúwómú, ìdajì orúkọ bàbá rẹ̀ sì dùbúlẹ̀ lé e lórí. Ó ránṣẹ́ pe bíríkìlà.

Bí wọ́n ti ń fi òòlù lu ògiri ló ń sunkún. Bí òòlù bá ti bà, á ní, “Bàbá, ẹ foríjì mí.” Nígbà tó yá, bíríkìlà pàápàá ń bá a ṣe àmín.

Ẹ̀yìn kọ́ńkéré náà ni wọ́n ti bá òkúta àti amọ̀ gbígbẹ, àfọ́kù ògiri mìíràn tí wọ́n tò sí ìdí ìpìlẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí lèyí.

Ìyá onígàrí sún mọ́ ọn. “Ògiri bàbá bàbá rẹ ni. Ọdún tí mo délé ọkọ ni bàbá rẹ wó o. Ẹbí bá a jà, wọ́n ní kò bọ̀wọ̀ fún òkú. Ó ní ilẹ̀ ni bàbá òun ní kí òun dì mú, kò ní kí òun di ògiri mú.”

“Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi látijọ́?”

“O ní ògiri ń kí mi. Ìkíni ni mò ń dáhùn lọ́wọ́.”

Wọ́n mọ ògiri tuntun, wọ́n sì dá ihò sí i kí omi lè máa jáde. Kí ó tó gbẹ, ọkùnrin náà mú ìṣó. Ìyá gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó má tún kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà ní kì í ṣe orúkọ ni òun fẹ́ kọ. Ohun tó kọ ni pé: Ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá ti tẹ̀, ẹ wó o.

Ọmọ ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìjà ilẹ̀ ń lọ láàárín ilé yín àti Ìsàlẹ̀-Odò nígbà tí bàbá rẹ sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀rù ló bà á pé wọ́n á pa ọmọ òun lára níbẹ̀. Ìjà ti parí, àwọn tó jà á ti kú tán, ìwọ ṣì ń gbé igi ti ọ̀rọ̀ yẹn. Ọmọ ni bàbá rẹ fẹ́ dáàbò bò.

O ní o kò lè wó ohun tí bàbá rẹ mọ. Ó dáa. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ ìyá rẹ? Ṣebí Òkè-Àgbàrá ni? Bàbá bàbá rẹ ti búra pé ọmọ òun kankan kò gbọdọ̀ fẹ́ ìyàwó ní Òkè-Àgbàrá. Èmi tí ò ń wò yìí ni mo ru ẹrù ìdána tẹ̀lé bàbá rẹ lọ síbẹ̀. Ká ní igi ló fi ti ògiri bàbá tirẹ̀ ni, o kò ní sí láyé tí wàá fi máa búra.

Dìde, máa lọ sílé. Ìbídùnní ló jókòó sábẹ́ ògiri.