Afọnfèrè Tó Dá Múra Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí fèrè rẹ̀ dùn ju ti gbogbo afọnfèrè ìlú rẹ̀ lọ. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ ń ṣeré: òun, ẹnìkan tó ń ta gìtá, ẹnìkan tó ń ta àgídìgbo, àti obìnrin kan tó ń kọrin. Ìṣe ẹgbẹ́ wọn yàtọ̀. Wọn kì í pète orin tẹ́lẹ̀, wọn kì í sì í fi ìkankan dánra wò. Bí wọ́n bá ti jókòó, ẹni tí nǹkan bá kọ́kọ́ sọ sí lọ́kàn ni yóò bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù á tẹ́tí, wọn á máa dá a lóhùn, títí orin á fi dé ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Èmi náà ti rí irú wọn rí. Mo bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń sọ fún yín pé orin ti parí?" Wọ́n wo ara wọn, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Títí dòní, mo ṣì ń ronú sí i.

Ó di ọjọ́ kan, wọ́n ní àwọn máa gbé àwo jáde. Wọ́n á ṣeré ní gbọ̀ngàn lójú èrò, ẹ̀rọ á máa gba ohùn wọn sílẹ̀, ohun tó bá sì jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo yẹn ni ayé máa gbọ́.

Ẹ̀rù ba afọnfèrè. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ tipẹ́ pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni fèrè fífọn, kò sì wá wo eré rẹ̀ rí. Ó rò ó pé àwo yìí ni bàbá òun máa gbọ́. Bí kò bá dùn, ó parí nìyẹn. Ló bá dá orin kan ṣe ní kọ̀rọ̀, ó kọ́ ọ sórí, ó fọn ọ́n títí ó fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ náà, eré ti wọra tán nígbà tí ọmọ ọwọ́ kan figbe ta láàárín èrò. Ojú ti ìyá rẹ̀, ó dìde, ó ń wá ọ̀nà ìjáde. Ṣùgbọ́n akọrin gba igbe náà lẹ́nu ọmọ, ó sọ ọ́ di orin. Alágídìgbo rẹ ọwọ́ sílẹ̀. Onígìtá ń rọra ta okùn kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

"Ìyá ọmọ, ẹ jókòó," ni obìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ. "Ẹ ò rí i pé ọmọ yín ni wọ́n ń dá lóhùn?"

Ìyá jókòó. Ọmọ sunkún díẹ̀, ó dákẹ́, ó tún ké.

Inú bí afọnfèrè. Ibi tó dùn jù nínú orin tó kọ́ sórí ló kàn án láti fọn. Ó kẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó fọn ọ́n lọ tààrà, kò ṣi ibì kankan. Èrò pàtẹ́wọ́, inú rẹ̀ sì dùn.

Nígbà tí àwo jáde, ó gbé e lọ bá bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì tan ẹ̀rọ. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa; kò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n gbé oúnjẹ wọlé. Nígbà tó parí, ó ní, "Háà, ọmọ mi, ó dùn mọ́ mi! Ọmọ ta ni ọmọ kékeré tó wà nínú ẹgbẹ́ yín yẹn?"

"Àlejò ni, Bàbá. Kì í ṣe ara wa."

"Kì í ṣe ara yín kẹ̀? Ìwọ wá ńkọ́? Èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

"Fèrè ni tèmi, Bàbá."

"Fèrè yẹn dára o," ni Bàbá wí. "Àmọ́ mo ṣe bí ilé kejì ni wọ́n ti ń fọn ọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dun afọnfèrè dé egungun. A kì í sì í tún irú eré bẹ́ẹ̀ ṣe. Bó ṣe wà nínú àwo yẹn ni yóò máa wà.

Ìwọ náà rèé, ọ̀rẹ́ mi. Lọ́la lo ń lọ sílé àna rẹ láti bẹ ìyàwó rẹ kó padà wálé, o sì ní kí n bá ọ to ọ̀rọ̀ tí o máa sọ. Mi ò ní bá ọ tò ó. Ẹnu dùn ún ròfọ́, ẹnu tìrẹ tún wá dùn jù. Ọ̀rọ̀ dídùn náà ṣáà lo ń sọ tí obìnrin náà fi kó ẹrù rẹ̀. Bí o bá débẹ̀, kí ará ilé, jókòó, kí o sì dákẹ́. Ìyàwó rẹ lè bú ọ, ó lè sunkún, ó lè sọ ohun tí o kò rò rárá. Èyí tó bá sọ gan-an ni kí o dáhùn. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín máa já sí, ìwọ náà ò sì mọ̀. Ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ lọ gbọ́.