Ìdí Tí Egungun Ọ̀nì Kan Náà Fi Wà ní Etíkun Méjì

Nígbà láéláé, kí òkun tó ráyè jókòó sáàárín ayé, ilẹ̀ kan ṣoṣo ló wà. Ẹni tó bá gbéra níhìn-ín lè fi ẹsẹ̀ rìn títí dé ibi tí oòrùn ń wọ̀.

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà ni adágún omi kan wà, níbi tí àwọn ọ̀nì kékeré ń gbé. Wọn kò gùn ju apá ènìyàn lọ, wọn kò sì lè mu omi iyọ̀. Àwẹ̀ró, ìyàwó baálé wọn, bí ọkùnrin méjì: Àkànó ni ẹ̀gbọ́n, Tẹ̀là ni àbúrò.

Bí ọ̀nì kan bá kú, inú ẹrẹ̀ ìyẹ̀wù ilé wọn ni wọ́n ń sin ín sí. Àwọn àgbà á da ẹrẹ̀ dúdú lé e, àwọn ìyàwó ilé á da yanrìn pupa, àwọn ọmọ á da ẹfun. Báyìí ni òkú ń gorí òkú, títí ilẹ̀ ilé náà fi dà bí aṣọ tí a ká léra. Àwẹ̀ró mọ ẹni tó wà lábẹ́ ìpele kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí baálé kú, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí ẹni tí yóò máa sùn lórí ibojì rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń sùn níbẹ̀ ló ni ilé.

"Èmi ni àkọ́bí," ni Àkànó wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jáde lóòótọ́," ni Tẹ̀là fèsì, "ṣùgbọ́n ọgbọ́n ò bá yín jáde."

Ẹ̀rù ba Àwẹ̀ró. Ó bu erùpẹ̀ ibojì sínú ìkarahun ìgbín, ó pò ó mọ́ omi, ó ní kí àwọn méjèèjì mu ún. "Ẹni tó bá pín ilé yìí, Ilẹ̀ tí ẹ mu ni yóò dá a lẹ́jọ́."

Wọ́n mu ún. Ọkàn ìyá balẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ó lọ wá oúnjẹ. Nígbà tó padà, ariwo ló bá nílé. Tẹ̀là ti wú ibojì, egungun baba sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Olè!" ni Àkànó ń pariwo. "Baba tí a sin, o fẹ́ pín in bí ẹran ọdún?"

"Ìdajì tèmi ni mo mú. Èmi náà á kọ́ ilé tèmi lé e lórí."

Àkànó di orí mú, Tẹ̀là di ìrù mú, wọ́n ń fà á.

"Ẹ fi sílẹ̀! Ẹ ti mulẹ̀!" ni Àwẹ̀ró ké.

Egungun náà já sí méjì.

Ilẹ̀ sì gbọ́. Ó kùn láti ìsàlẹ̀, ó là láàárín ìyẹ̀wù. Àkànó wà lápá kan, Tẹ̀là wà lápá kejì. Àwẹ̀ró fi ẹsẹ̀ kan tẹ ìhín, ó fi èkejì tẹ ọ̀hún. Omi iyọ̀ ń ru bọ̀ nísàlẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ fò sọ́dọ̀ mi!" ni Àkànó wí.

"Ìyá, ọ̀dọ̀ mi ló sún mọ́!" ni Tẹ̀là ń sunkún.

Àwẹ̀ró wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Èwo nínú yín ni kí n wá kọ̀ lọ́mọ?"

Kò fò. Ilẹ̀ là kọjá ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè dé, omi sì gbé e lọ.

Iyọ̀ wọ adágún. Àwọn ọmọ náà kú létí omi, olúkúlùkù pẹ̀lú egungun tó jà fún. Ẹrẹ̀ bò wọ́n, ó sì di òkúta.

Láti ọjọ́ náà ni ilẹ̀ méjèèjì ti ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Láti ọjọ́ náà ni ẹni tó bá gbẹ́ àpáta etíkun tiwa ti ń rí dúdú, pupa, funfun, àti egungun ọ̀nì kékeré láàárín wọn. Bó bá rékọjá òkun, tó sì gbẹ́ àpáta tọ̀hún, dúdú, pupa, funfun ni yóò bá níbẹ̀, àti egungun kan náà. Yóò mọ̀ pé ilé kan ni wọ́n.

Egungun Àwẹ̀ró nìkan ni àpáta kankan kò pa mọ́.