Bí Mosúnmọ́lá Ṣe Fẹ Àdúgbò Olóyè Lójú
Ẹ gbọ́ bí Mosúnmọ́lá aránṣọ ṣe gba ipò lọ́wọ́ Olóyè Adégbìjà. Ní Òkè-Àgbọn, ẹ̀yìn ẹni tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n ń tò sí láti dìbò aṣojú àdúgbò, ẹbí Olóyè sì ni gbogbo àdúgbò tirẹ̀. Ta ni yóò kẹ̀yìn sí bàbá rẹ̀ lójú gbogbo ayé? Nígbà tí aránṣọ ní òun náà máa du ipò, Olóyè ní kó mú ẹnì kan ṣoṣo wá tí yóò tò sẹ́yìn rẹ̀. Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀. "Kò sí, Bàbá. Ohun táwọn àdúgbò yòókù ń sọ náà nìyẹn, pé inú pálọ̀ yín lẹ ti ń wọlé ìbò." Ojú Olóyè pọ́n. Ó pàṣẹ fún akọ̀wé ìlú níwájú ìpàdé ìlú pé kó da àgọ́ àwọn Ìgbìrà àti ọgbà mẹkáníìkì mọ́ àdúgbò òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, aránṣọ ti dé àgọ́, ó ń béèrè ohun tó ń dùn wọ́n. Olóyè kò yọjú, torí kò tọrọ ìbò rí. Lọ́jọ́ ìdìbò, àwọn àlejò tò gbọọrọ sẹ́yìn aránṣọ, síbẹ̀ ìlà Olóyè ṣì gùn ju tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìlà aránṣọ ti pọ̀ tó ibi tí èèyàn lè sá pamọ́ sí, àwọn ẹbí tí ọ̀rọ̀ Olóyè ti sú sì ń yọ́ wọ inú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Olóyè bojú wẹ̀yìn, ìlà rẹ̀ ti kúrú. Ó na ọrùn wo ìlà kejì, ó sì rí gèlè ìyàwó rẹ̀ láàárín àwọn mẹkáníìkì.