Ìbéèrè Inú Yàrá Ìmúra

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Skọ́tlándì, bọ́ọ̀lù ni iṣẹ́ rẹ̀. Àárín pápá ló ti ń gbá a, níbi tí ènìyàn ti ń sáré ju àwọn yòókù lọ, tí orúkọ rẹ̀ kì í sì í sábà jáde nígbà tí wọ́n bá ń yin àwọn tó jẹ gólù. Ìlú àwọn tó ń wa èédú lábẹ́ ilẹ̀ ni ẹgbẹ́ rẹ̀ wà, àwọn awa-èédú yìí ló sì mú àṣà kan wọ inú yàrá ìmúra. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá yóò dúró níwájú agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan, lójú gbogbo wọn, yóò sì bi í pé, "Ṣé o wà?" Onítọ̀hún yóò dáhùn pé, "Mo wà, ọ̀gá." Bẹ́ẹ̀ làwọn bàbá wọn ti ń ṣe kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò èédú. Kò sí ẹni tó dáhùn pé rárá rí.

Ní ọdún kan, orúnkún ọkùnrin yìí wú. Wọ́n bi í, ó ní òun wà. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìrora, ó sì sáré títí fèrè ìparí fi dún. Láti ọjọ́ náà, kò tún sáré bẹ́ẹ̀ mọ́. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ó bínú sí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó lò ó nígbà náà, kò sì dárí jì í. Ó sì jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá di ọ̀gá lọ́jọ́ kan, òun kò ní fipá mú ọmọ ọlọ́mọ wọ pápá láé.

Ó di ọ̀gá lóòótọ́, nínú ẹgbẹ́ yẹn kan náà. Ó sì gbà pé òun ń pa ẹ̀jẹ́ òun mọ́.

Ìgbà tó yá, ó ku eré kan ṣoṣo kí ọdún bọ́ọ̀lù parí. Bí wọn kò bá borí, wọn yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní pápá náà yóò sì padà sílé láìníṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ eré náà, ọkùnrin náà po tíì, tíì tutù sí i lọ́wọ́. Ìwán, ọmọkùnrin tó ń gbá àárín pápá fún un, ni òpómúléró ikọ̀ náà, orúnkún Ìwán sì ti wú.

Dókítà ní, "Bí mo bá gún un lábẹ́rẹ́, á gbá a. Ohun tí ẹsẹ̀ yẹn máa dà lẹ́yìn náà, ẹ má bi mí."

Ọkùnrin náà ní, "Mi ò ní fipá mú un. Màá bi í ni."

Ó wọ yàrá ìmúra. Ó dúró níwájú ọmọ náà. "Ìwán, ṣé o wà?"

Ìwán wo ojú balógun ikọ̀. Ó wo ojú àwọn yòókù. Ẹnìkan pariwo láti igun yàrá pé, "Ọ̀gá, ẹ gé ẹsẹ̀ Ìwán kan sọ nù, èyí tó kù á ṣì mọ bọ́ọ̀lù gbá ju méjèèjì tèmi lọ!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìwán náà rẹ́rìn-ín.

"Mo wà, ọ̀gá."

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Dókítà ṣí àpò rẹ̀. Ọkùnrin náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí i. Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ṣùgbọ́n kò balẹ̀. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, "Mi ò fipá mú un. Òun ló ní òun wà." Ó tún un sọ. Bó ti ń sọ ọ́, ó rí Ìwán láti ẹnu ọ̀nà. Ọmọ náà fẹ́ so okùn bàtà rẹ̀, orúnkún kọ̀, kò ká. Ó wòtún wòsì bóyá ẹnikẹ́ni ń wo òun, ó wá rọra na ẹsẹ̀ náà síwájú, ó sì di ètè rẹ̀ mú ṣinṣin bó ti ń nà án.

Ọkùnrin náà rántí pé ẹnikẹ́ni kò fipá mú òun náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ó ti ń bínú sí láti ọdún wọ̀nyí wá kò wọ́ ọ, kò halẹ̀ mọ́ ọn. Ó bi í ni.

Ó sáré wọlé. Abẹ́rẹ́ ti wà lókè.

"Dókítà, ẹ dá a padà sínú àpò."

Ìwán fò dìde. "Ọ̀gá, mo ní mo wà!"

"Mo gbọ́. Èmi ni mo ní o ò ní gbá a."

"Bí a bá já ńkọ́?"

"Ọrùn mi ni kó wà. Bí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé èmi ni mo yọ ọ́."

Ìwán la bàtà mọ́ ògiri. Kò wo ojú ọ̀gá rẹ̀ mọ́.

Wọ́n gbá a. Ọ̀mì ni, ọ̀mì kò sì tó. Wọ́n já. Àwọn òǹwòran fi orúkọ ọkùnrin náà kọrin èébú, àwọn tó ni ẹgbẹ́ sì dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lọ́jọ́ tó ń kó ẹrù rẹ̀, Ìwán kọjá níwájú ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi ń rìn, láìtiro. Kò yà, kò dágbére.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn lábẹ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ lè sọ pé ìlú pàdánù. Ó pàdánù lóòótọ́, ó sì dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún ọmọ ọlọ́mọ kọ́ ló yẹ kí ìlú fi gbé ara rẹ̀ ró. Ẹ máa ń sọ nípa ọmọ iṣẹ́ yín pé, "Mo bi í, ó ní kò sí wàhálà." Níbo lẹ ti bi í? Lójú ta ni? Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí i ká ní ó kọ̀? Ẹni tí kò lè sọ pé rárá, ẹ má ka "bẹ́ẹ̀ ni" rẹ̀ sí ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ ara yín lẹ gbọ́ láti ẹnu rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bi í, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó rí i pé ó lè kọ̀ fún yín kó sì sùn láìbẹ̀rù. Bí ẹ kò bá lè ṣe ìyẹn, ẹ má bi í. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ sọ rárá náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n bú yín.