Ìbọn Kékeré Tí Àwẹ̀ró Ń Retí Ohùn Rẹ̀

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò lọ sókè mọ́ bí ó ti ń lọ nígbà tí eyín mi pé. Èmi Ọdẹ́rìndé, tí mo ti fi ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹ igbó tí ẹlòmíràn kò lè fi ẹnu pè, n kò ní bá yín sọ̀rọ̀ erin lónìí, n kò sì ní sọ ti ẹfọ̀n tó lé mi títí tí mo fi fi ṣòkòtò mi sílẹ̀ fún un. Ìtàn ìbọn kékeré kan ni mo fẹ́ sọ, àti ti obìnrin kan tí ń retí ohùn rẹ̀. Bí omi bá bọ́ lójú mi níbì kan, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí ó dà, yóò tán fúnra rẹ̀.

Àwẹ̀ró ni orúkọ ìyàwó mi. Nígbà tí èmi àti òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ara wa, ìbọn tí mo ní kò ju ẹyọ kan lọ, ìbọn òyìnbó àtijọ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, tí ihò ẹnu rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ mi fi ń pè é ní Ẹlẹ́nu Abẹ́rẹ́. Ìbọn tiwọn máa ń bú gbàù bí ẹni pé ilé wó, tèmi kàn ń sọ pé "páì!" bí igi gbígbẹ tó ṣẹ́. Nígbàkígbà tí mo bá ń ti oko ọdẹ bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tí mo bá dé ìdí àràbà tó wà ní ààlà ìlú wa, màá yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Àwẹ̀ró yóò sì mọ̀ pé mo wà láàyè, yóò gbé omi kaná kí n lè wẹ ẹ̀jẹ̀ àti erùpẹ̀ kúrò lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwa ọdẹ, a fẹ́ràn ariwo. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú mi, mo ra ìbọn ẹlẹ́nu méjì, mo sì ju Ẹlẹ́nu Abẹ́rẹ́ sókè àjà, níbi tí èéfín àti eku ti sọ ọ́ di tiwọn.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni ìgbàgbé wọ ilé wa. Àwẹ̀ró kọ́kọ́ gbàgbé ibi tí ó fi iyọ̀ sí, lẹ́yìn náà, ó gbàgbé orúkọ Ọdẹ́bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, nígbà tó yá, ó wò mí lójú ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá, ẹ kú àárọ̀ o. Ta ni ẹ wá kí?" Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń gbé àpótí síta ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, tí yóò jókòó, tí yóò kọjú sí ọ̀nà igbó, tí kò sì ní fẹ́ jẹun.

"Àwẹ̀ró, wọlé wá jẹun," ni èmi yóò wí.

"Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí ọkọ mi dé ná. N kò tíì gbọ́ ìbọn rẹ̀."

"Èmi ni ọkọ rẹ."

Yóò wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, yóò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ má bínú o, Bàbá. Ọkọ mi kò tíì hu ewú."

Bí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún pé ẹranko ti pa á, kò sì sí ohun tí mo lè sọ tí yóò tù ú nínú. Ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ènìyàn jókòó ti aya rẹ̀, kí ó máa gbọ́ bí ó ti ń sunkún òun bí òkú, nígbà tí òun kò kú, ó burú, ó burú jọjọ! Lọ́jọ́ kan, mo gbé ìbọn ẹlẹ́nu méjì lọ sí ìdí àràbà, mo yìn ín. Nígbà tí mo padà délé, inú ń bí Àwẹ̀ró. "Ta ni aláriwo yẹn?" ni ó wí. "Ẹ bá mi sọ fún un kí ó má lé ẹran sá mọ́ ọkọ mi lọ́wọ́."

Ọjọ́ yẹn ni mo gun òkè àjà. Ẹlẹ́nu Abẹ́rẹ́ ti dógùn-ún, ikán ti jẹ igi ìdí rẹ̀, eku sì ti bímọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo gbé e lọ bá Ògúnsúyì alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí ahọ́n rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tí ó ń rọ lọ.

"Ọdẹ́rìndé, òkú ta lo gbé wá bá mi yìí?"

"Jọ̀ọ́, tún un ṣe fún mi."

"Ìwọ lo pa á, èmi ni kí n jí i?"

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ro ẹjọ́ Àwẹ̀ró fún un, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì gba ìbọn náà bí ẹni ń gba ọmọ ọwọ́. A rẹ irin rẹ̀ sínú àdín, a fi háhá àgbọn ha ìpáàrà ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a sì ń ti àkísà bọ inú òpó rẹ̀ tí ọta ń gbà jáde lójoojúmọ́. Àkísà kọ́kọ́ ń jáde ní dúdú, ó di pupa bí ilẹ̀, ní ọjọ́ kẹsàn-án ó jáde ní funfun. Mo gbé òpó náà sójú oòrùn, mo yọjú wo inú rẹ̀, mo sì rí àwọn ilà tó lọ́ bí okùn láti ìdí dé ẹnu, tí wọ́n ń dán. Èmi fúnra mi ni mo gbẹ́ igi apá fún ìdí rẹ̀, mo sì ń gbé e lé èjìká wò títí ara mi fi rántí.

"Ọta ni iṣẹ́ kù sí," ni Ògúnsúyì wí. "Irú tirẹ̀ kò sí lọ́jà mọ́. Mo lè fi idẹ ṣe èèpo rẹ̀, kí n yọ́ òjé fún orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí n kò bá rí èyí tó ti ẹnu rẹ̀ jáde rí, àbá lásán ni màá máa dá. Bí ó bá tóbi jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọ lójú. Bí ó bá kéré jù, kò ní sọ̀rọ̀ bí ó ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ọta kan ṣoṣo ni mo mọ ibi tí ó wà, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà ọ̀dọ́ mi, mo rí ohun kan tó ń mi ewé nínú Igbó Olóhùn, mo rò pé àgbọ̀nrín ni, mo yìn Ẹlẹ́nu Abẹ́rẹ́ lù ú, ohun náà sì ké "yéè!" bí ènìyàn. Iwin ni. Mo sá, n kò wẹ̀yìn. Nísinsìnyí, mo fi Àwẹ̀ró sọ́wọ́ Ọdẹ́bùnmi, mo di ẹ̀wà yíyan sínú àpò, mo sì kọrí sí igbó náà.

Igbó Olóhùn, ẹ̀yin ènìyàn mi, ni ibi tí ohùn kì í ti í kú. Igi ibẹ̀ ń fi ohùn àwọn tó gé ẹ̀ka wọn rí sọ̀rọ̀, odò ibẹ̀ ń húkọ́ bí àgbàlagbà, mo sì pàdé ẹ̀dá olórí mẹ́ta kan tí orí kìíní kí mi pé ẹ káàárọ̀, tí èkejì ní ọ̀sán ni, tí ẹ̀kẹta sì ń bẹ̀ mí pé kí n má dá wọn lóhùn, pé bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà láti àná nìyẹn. Mo fún ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wà, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì fi ọ̀nà hàn mí.

Mo bá iwin náà lórí àpáta. Etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ, irun ara rẹ̀ tutù, ó ní àwọ̀ ewéko, ó sì ń fi ọwọ́ pa èjìká rẹ̀ òsì.

"Ọdẹ́rìndé," ni ó wí, "ọdún méjìlélógójì ni mo ti ń bá ọ tọ́jú ẹrù rẹ."

Ẹ̀rù bà mí, ni mo bá ń ṣe akọ. "Ìwọ iwin, gbé ọta mi fún mi kí n máa lọ! Èmi ni ọdẹ tí ẹkùn ń yà fún lọ́nà!"

Ó wò mí, kò bínú. "Gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí òjò bá ti fẹ́ rọ̀, èjìká mi á mọ̀. Ó dùn mí, mo fara dà á. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé o gbọ́ igbe mi, o kò sì padà wá wí pé pẹ̀lẹ́."

Mo ju fìlà sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo gbọ́ yín. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n padà."

"Dìde. Kí lo fẹ́ fi ọta náà ṣe?"

"Ìyàwó mi kò mọ̀ mí mọ́."

"O fẹ́ kí ó mọ̀ ọ́, kí ó lè máa sìn ọ́?"

Mo rò ó, mo sì rí i pé mo ti ń ronú nípa ara mi jù. "Rárá," ni mo wí. "Ó ń dúró de ẹnì kan tí kò dé. Ìdúró náà ń pa á lára. Mo fẹ́ kí ẹni náà dé, kí ó lè sinmi."

Iwin náà tẹ́ èjìká sílẹ̀ fún mi. Abẹ́ awọ ni ọta náà wà. Mo fi ọ̀bẹ ṣí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo ya etí ẹ̀wù ọdẹ mi di ojú ọgbẹ́ náà, mo sì ń wí pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, títí òun fúnra rẹ̀ fi ní ó ti tó. Ọta náà kò ju ẹyọ erèé kan lọ, ilà inú òpó ìbọn mi sì hàn ketekete lára rẹ̀.

"Má rọ ètù púpọ̀ sí i," ni iwin wí bí mo ti ń lọ. "Lọ́jọ́ tí o yìn ín lù mí, kò dún bí ariwo létí mi. Ó dàbí pé ẹnì kan pè mí."

Ògúnsúyì fi ọta náà ṣe àpẹẹrẹ, ó tẹ̀ ẹ́ sínú amọ̀, ó yọ́ òjé. Àwọn kan jáde pẹ̀lú ihò lára, àwọn kan wọ́, ó sì dá wọn padà sínú ìkòkò láìkùn. Nígbà tí ó rí èyí tó gún, èmi ni mo rọ ètù, ojú kòkòrò ọdẹ sì mú mi, mo bù díẹ̀ lé e, kí Àwẹ̀ró lè gbọ́ dáadáa. Ìbọn náà bú, ó taari mi, mo fi ìdí lélẹ̀, èèpo idẹ sì há sí i lọ́fun.

"Ṣé Àwẹ̀ró lo fẹ́ pè ni," ni Ògúnsúyì kígbe, "àbí ìlú kejì?"

Ó gba ètù lọ́wọ́ mi. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń wọ̀n ọ́n, ó ń dín in kù, èmi ń yìn ín, àwa méjèèjì ń tẹ́tí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹfà, mo fa ìbọn náà, ó sì wí pé "páì!" Ògúnsúyì yí ojú sí ògiri, ó ní èéfín wọ òun lójú. Iná kò sì sí nínú ààrò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo dúró ní ìdí àràbà. Mo yìn ín sókè lẹ́ẹ̀kan, mo sì ń rìn lọ sílé bí ọkọ ìyàwó. Kí n tó dé ojúde, mo rí èéfín tó ń jáde láti ilé ìdáná wa. Àpótí ti ṣófo lẹ́nu ọ̀nà. Àwẹ̀ró jáde, ó ti wé gèlè, ó kúnlẹ̀, kò wo ewú mi rárá.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ọdẹ́bùnmi. Ó pẹ́ o! Omi yín ti gbóná."

Mo wẹ̀, mo jókòó, a jọ jẹun nínú àwo kan náà. Nígbà tí a jẹun tán, ó wo ẹ̀yìn, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ má ṣe jowú o," ni ó wí. "Bàbá arúgbó kan ń wá síbí nígbà tí ẹ kò sí. Ó ń fọ aṣọ mi, ó ń bu oúnjẹ fún mi. Mo máa ń bú u nígbà mìíràn, kò sì bú mi rí. Bí ẹ bá pa ẹran, ẹ bá mi fún un ní itan. Ènìyàn dáadáa ni."

"Màá fún un," ni mo wí.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Ẹni tí ẹ bá ti ṣẹ̀, ẹ padà lọ bẹ̀ ẹ́ kí ogójì ọdún tó kọjá. Ẹ̀yin ọkùnrin, ohun tí aya yín fi mọ̀ yín nígbà tí ẹ kò ní nǹkan, ẹ má jẹ́ kí ẹlẹ́yà mú yín jù ú sókè àjà. Bí olólùfẹ́ yín bá sì gbàgbé yín, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ ṣáà máa tọ́jú rẹ̀. Ní ti èmi, ọdún mẹ́tàlélógójì ni mo ti fi jẹ́ ọkọ Àwẹ̀ró, ọjọ́ yẹn ni mo sì kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí ó ń sọ nípa mi lẹ́yìn mi.